Níbi Tí Omi Gbígbóná àti Omi Tútù Ti Pàdé: Bí A Ṣe Kọ́ Láti Mí Kanlẹ̀ ní Ìkógòsì

Nígbà tí a bá kọ̀wé nípa ìrìn àjò, ìrìn àjò iṣẹ́ ìwàásù ni ó sábà máa ń jẹ́. Ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Ìrìn àjò ìsinmi ni, kì í sì í ṣe pé ó wù wá láti lọ. Wọ́n lé wa lọ ni. Àwọn mẹ́ta tí ó lé wa lọ ni ìyá àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa, dókítà kan, àti ìyàwó wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá àgbàlagbà náà. Ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìsìn parí, ìyá yìí dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. A rò pé àdúrà ni ó fẹ́ kí a gbà fún òun. Ó di ọwọ́ wa mú, ó ní, "Pásítọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lónìí dára. Ṣùgbọ́n ẹ kò mí. Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń retí ìgbà tí ẹ ó mí, títí ẹ fi jókòó." A rẹ́rìn-ín. A ní, "Màmá, bí a kò bá mí, ṣé a ó wà lóòró báyìí?" Ìyá kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó kàn mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi yé wa. Èkó ni a ń gbé. Ẹni tí ó bá mọ Èkó mọ bí ó ti ń rí: kí a jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, kí a wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò gba gbogbo òru, kí fóònù máa dún láago méjì nítorí ẹnì kan wà nílé ìwòsàn. Ilé ìjọsìn tí a ń kọ́ kò tíì parí, owó sìmẹ́ńtì ń gòkè lójoojúmọ́, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 13, jẹ́ kí àwo kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwo lásán. A pariwo mọ́ ọmọ náà títí ohùn wa fi há. Ọmọ náà ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ fà á lọ sí yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí a kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, a gbọ́ tí ọmọ ń béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé Dádì kò fẹ́ràn wa mọ́ ni?"

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ wa, a kò lè sùn ní òru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí ń fọ́ wa, a sì lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa: 168 lórí 104. Dókítà ní bí ó bá ti dé 140 lórí 90, tí ó sì ń dé ibẹ̀ léraléra, ó ti pọ̀ jù. Ó kọ oògùn fún wa, ó ní kí a dín iyọ̀ kù, kí a máa rìn. Lẹ́yìn náà ó wò wá lójú, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n oògùn kò lè bá yín sinmi. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó sinmi."

Ìyàwó wa ni ó yan ibi tí a ó lọ. Ó ní nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n kó àwọn lọ wo omi gbígbóná ní Ìkógòsì-Èkìtì, òun kò sì gbàgbé ibẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ti bá àwọn alàgbà sọ̀rọ̀ kí ó tó bá wa sọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni, láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀. Kí ni a ó tún wí?

OJÚ Ọ̀NÀ

Aago márùn-ún àárọ̀ ni a kúrò nílé nínú oṣù kọkànlá. Kí a tó kọjá Berger, a ti fọn fèrè ọkọ̀ títí ó fi sú wa. Ìyàwó wa wo ọwọ́ wa, ó ní, "Dádì, ẹ ń di sítíárì yìí mú bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ." A wò ó, òótọ́ ni. Ìka wa ti le gbagidi. A tún ṣàkíyèsí pé a ti pa eyín pọ̀, àgbọ̀n wa sì ń dùn wá. Èjìká wa ti gòkè dé ìtòsí etí. Ta ni ó gbé e gòkè? A kò mọ̀. Ọjọ́ wo ni ó ti wà níbẹ̀? A kò mọ̀.

Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí i pé wàhálà kì í gbé inú ọkàn nìkan. Ó máa ń wá ibùjókòó sínú ara: àgbọ̀n, ọrùn, èjìká, ikùn. Ènìyàn lè máa sọ lẹ́nu pé ọkàn òun balẹ̀, kí èjìká rẹ̀ sì máa jẹ́rìí takò ó.

A gba Ìbàdàn kọjá, a gba Ilé-Ifẹ̀, a dé Iléṣà. Lẹ́yìn Iléṣà, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Òkè ni ní ọ̀tún, òkè ni ní òsì, igi sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí a dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ìlú tí ó wà láàrin àwọn òkè, a pa ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀, a ṣí fèrèsé. Atẹ́gùn tútù wọlé. Láti ibẹ̀ a dé Àrámọkọ, a yà sí ọ̀nà Erìjìyàn, a sì dé Ìkógòsì ní ọ̀sán gangan.

OMI MÉJÌ LÁBẸ́ IGI

Ẹ jẹ́ kí a ṣàpèjúwe ibẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ òkè ni, nínú igbó tí igi rẹ̀ ga tí ó sì ṣú. Omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀ ní ibì kan. Kì í ṣe omi tí ń hó o. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀ súnmọ́ ooru ara ènìyàn, bí omi tí ìyá fi ń wẹ ọmọ tuntun. Omi tútù sì ń sun láti ibòmíràn, kò jìnnà síra wọn. Omi méjèèjì ń ṣàn bọ̀ títí wọ́n fi pàdé níbì kan. Níbẹ̀, ènìyàn lè ki ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná kí ó sì ki èkejì bọ omi tútù. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àwọn tí ń mú àlejò káàkiri máa ń sọ ìtàn àtẹnudẹ́nu kan. Wọ́n ní ọkùnrin kan ní ìyàwó méjì, ọ̀kan jẹ́ onínú líle, èkejì jẹ́ oníwà tútù. Ìjà wọn kò tán títí àwọn méjèèjì fi di omi: onínú líle di omi gbígbóná, oníwà tútù di omi tútù. Ìtàn ni, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbọ́ ọ, ìyàwó wa wò wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, kò sì sọ nǹkan kan. A mọ omi tí ó ń fi wá wé.

Ibẹ̀ tún ní ìtàn tí ó kan àwa onígbàgbọ́. Ní àwọn ọdún 1950, míṣọ́nnárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, rí ibẹ̀ pé ó dára fún ìsinmi, wọ́n sì fi ṣe ibùdó àgọ́ àwọn ọ̀dọ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wá sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ fún gbogbo ènìyàn.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, a rò pé a ó sùn bí òkúta. Rárá o. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ dẹ́rù bà wá. Kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀, kò sí ìró fèrè ọkọ̀. Kìkì ìró omi àti ti kòkòrò. Ọkàn wa ń lù kì-kì-kì. Ní aago méjì òru a ti jókòó, a ń ka iye àpò sìmẹ́ńtì tí ó kù lórí ìka. Ara wa ti dé Ìkógòsì, ṣùgbọ́n Èkó ṣì wà nínú àyà wa.

MÀMÁ AGBẸ̀BÍ

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a bá ìyá kan pàdé lórí àga onípákó nítòsí ibi tí omi méjèèjì ti pàdé. Ó lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti gbẹ̀bí fún èyí tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Nígbà tí ó gbọ́ pé a kò sùn, ó béèrè ìdí. A kò mọ ìgbà tí a sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ àwo tí ó fọ́.

Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọwọ́ kan lé àyà, ẹ gbé èkejì lé ikùn. Ẹ máa mí bí ẹ ti ń mí tẹ́lẹ̀." A ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ wo ni ó ń gbéra?" Ti àyà ni. Ti ikùn kò mira rárá. Ó ní, "Bí ẹni tí wọ́n ń lé ni ẹ ṣe ń mí. Ṣé ẹ ti wo ọmọ ọwọ́ tí ó sùn rí? Ikùn rẹ̀ ni ó ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí Ọlọ́run ti dá wa nìyẹn. Ìdààmú ni ó gbé èémí wa kúrò ní ikùn lọ sí àyà."

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Iṣan kan wà tí ó tẹ́ sábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, tí ó pààlà sáàrin àyà àti ikùn. Bí a bá mí sínú dáadáa, iṣan yìí a lọ sílẹ̀, ikùn a yọ díẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró a sì rí ààyè kún dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá bà wá tàbí tí inú bá bí wa, ara a tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní adrenaline. Ọkàn a máa sáré, iṣan gbogbo a le, èémí a di kúkúrú, a sì yára. Ohun tí ó dára ni bí ejò bá yọ sí ènìyàn lójú ọ̀nà oko, nítorí òun ni yóò fún un lágbára láti sá. Wàhálà tí ó wà níbẹ̀ ni pé ara kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ejò àti gbèsè. Ejò máa ń lọ. Gbèsè a bá ni sùn, a sì bá ni jí.

"Ọkàn yín kò ṣeé pàṣẹ fún," ni Màmá wí. "Ẹ kò lè sọ fún un pé kí ó dẹwọ́, kí ó sì gbọ́. Ṣùgbọ́n èémí ṣeé pàṣẹ fún. Bí ẹ bá fa èémí síta díẹ̀díẹ̀, ọkàn yóò tẹ̀ lé e." Ó ní bí a bá ń mí sínú, ọkàn a máa yára díẹ̀, bí a bá ń mí síta, a máa fà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mímí síta fi gbọ́dọ̀ gùn ju mímí sínú lọ.

Ó ní kí a dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kí a pa ẹnu dé, kí a fi imú mí sínú títí òun yóò fi ka 4, kí a sì mí síta títí òun yóò fi ka 6. Bí a bá rò ó pọ̀, ìmí 6 ni láàrin ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń mí láàrin ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ má rò pé a mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tí a ti ń fi agbára ṣe ohun gbogbo, agbára ni a fi bẹ̀rẹ̀ èyí pẹ̀lú. A fa èémí gbùngbùn bí ẹni tí ó fẹ́ wẹ̀ lábẹ́ òkun. Láìpẹ́, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa, ìka wa ń ṣe wá wìnnìwìnnì. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pásítọ̀, kì í ṣe omi kànga tí ẹ ń fà. Bí ẹ bá mí jù, afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣẹ́kù díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ yóò jáde tán, òòyì ni yóò sì kọ́ yín. Ẹ rọra ṣe é. Kékeré ni kí ẹ mí, kí ó pẹ́."

Lẹ́yìn èyí ni ó kọ́ wa ní ìtúraká. Kí a di ìkúùkù mú ṣinṣin, kí a ka 5, kí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a gbé èjìká gòkè, kí a ka 5, kí a jẹ́ kí ó wálẹ̀. Kí a fún ojú pọ̀, kí a tú u. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé ìka ẹsẹ̀. Nígbà tí a padà sílé, a kà pé dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Edmund Jacobson, ni ó ṣe ètò ẹ̀kọ́ yìí, tí ó sì tẹ ìwé lé e lórí ní ọdún 1929. Dókítà ọkàn mìíràn ní yunifásítì Harvard, Herbert Benson, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1975 láti fi hàn pé bí ara ti ní ọ̀nà tí ó fi ń múra ìjà, bẹ́ẹ̀ ni ó ní ọ̀nà tí ó fi ń padà sí ìsinmi.

ṢÉ Ó TỌ́ FÚN ONÍGBÀGBỌ́?

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti ń béèrè ìbéèrè yìí. Àwa náà béèrè rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n kìlọ̀ fún wa nípa àwọn ẹ̀sìn ìlà oòrùn tí wọ́n ń fi èémí ṣe ìjọsìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a padà lọ bá Màmá, a ní, "Màmá, ẹ má bínú, ṣé nǹkan yìí kò ní ẹ̀mí mìíràn nínú?" Ó dá wa lóhùn pé, "Pásítọ̀, ta ni ó kọ́ ọmọ ọwọ́?"

A ronú lé e. A kò pe orúkọ kankan. A kò sọ ọkàn wa di òfìfo fún ẹnikẹ́ni láti wọ̀. A kàn jẹ́ kí ara ṣe ohun tí Ẹlẹ́dàá dá a láti ṣe ni. A rántí pé nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kejì, èémí Ọlọ́run ni ó sọ erùpẹ̀ di alààyè. A rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa pé nínú èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún èémí, afẹ́fẹ́ àti ẹ̀mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní èdè Gíríìkì. Ṣé Yorùbá jìnnà sí i ni? Mí, èémí, ẹ̀mí: ẹ fi etí sí wọn.

A rántí Èlíjà lábẹ́ igi ní aginjù, nígbà tí ó ní ikú yá òun. Áńgẹ́lì tí ó wá bá a kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó fún un ní oúnjẹ àti omi, ó sì tún jẹ́ kí ó sùn lẹ́ẹ̀kejì. A rántí Jésù Olúwa wa tí ó sùn lórí ìrọ̀rí nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń jà. Àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, a kì í lè sùn lórí ibùsùn nígbà tí kò sí ìjì kankan.

Bí a ti dùbúlẹ̀ lórí ẹní yẹn, ọ̀rọ̀ èdè abínibí wa kan wá sọ́kàn wa. Bí ẹnì kan bá fa èémí gígùn, a ní ó mí kanlẹ̀. Bí kò bá kánjú, a ní ó fara balẹ̀. Bí àníyàn bá kúrò lára rẹ̀, a ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ilẹ̀, ilẹ̀, ilẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun mẹ́ta yìí ni ó gbọ́dọ̀ dé ilẹ̀: èémí, ara, àti ọkàn. Àṣìṣe wa láti ọjọ́ yìí wá ni pé a ń sọ fún ọkàn pé kí ó balẹ̀ nígbà tí a so ara kọ́ òkè, tí èémí sì há sí ọ̀fun. Nígbà tí èémí bá kanlẹ̀, tí ara sì balẹ̀, ọkàn rí ọ̀nà tí yóò gbà wálẹ̀.

OHUN TÍ ÌYÀWÓ WA SỌ

Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀ lọ́sàn-án. A dùbúlẹ̀, a mí bí Màmá ti kọ́ wa, oorun sì gbé wa lọ. Oorun ọ̀sán! A kò rántí ọdún tí a ti sun irú rẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí a jí, ìyàwó wa jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó ń wò wá. A sọ fún un pé ìyá àgbàlagbà inú ìjọ wa kò parọ́, pé lóòótọ́ ni a kì í mí.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dádì, èmi náà kì í mí. Bí mo bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ yín lẹ́nu géètì lálẹ́, mo máa ń dá èémí dúró títí n ó fi gbọ́ bí ẹ ṣe ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bí ẹ bá rọra tì í, mo mọ̀ pé àlàáfíà ni. Bí ẹ bá pa á dé gbàmù, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ wọ yàrá lọ."

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin baba, kí ni ènìyàn lè sọ sí irú ọ̀rọ̀ báyìí? A rò pé àwa nìkan ni a ru ẹrù náà. A kò mọ̀ pé gbogbo ilé ni ó ti ń dá èémí dúró nítorí wa. A bẹ ìyàwó wa. Omi bọ́ lójú wa. A jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí omi méjèèjì ti pàdé, a ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, a kò sì bá ara wa sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Inú wa dùn.

NÍGBÀ TÍ A PADÀ DÉLÉ

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí a dé ẹnu géètì, a pa ọkọ̀, a jókòó sínú rẹ̀, a mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni a rọra ti ilẹ̀kùn. A pe àbíkẹ́yìn wa, a ní, "Ọmọ mi, má bínú. Àwo ni ó fọ́, ìwọ kọ́. Dádì fẹ́ràn rẹ." Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó wá jókòó tì wá láti fi iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ hàn wá, ohun tí kò ṣe láti bí oṣù mélòó kan.

A kò fẹ́ tan yín jẹ. Èkó kò yí padà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà níbẹ̀, sìmẹ́ńtì kò dínwó. Ọjọ́ mìíràn wà tí a ṣì ń pariwo. Nígbà tí a padà lọ rí dókítà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ríru wa ti wálẹ̀ sí 136 lórí 84. A kò lè sọ pé mímí nìkan ni ó ṣe é, nítorí a ń lo oògùn wa, a dín iyọ̀ kù, a sì ń rìn ní ìrọ̀lẹ́. Dókítà kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró nítorí pé ara yá. Àwa náà ń kìlọ̀ fún yín.

Ìyá àgbàlagbà nì tún dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ó ní, "Pásítọ̀ wa, ẹ mí lónìí." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè lọ sí Ìkógòsì. Kò sì pọn dandan. Èyí ni ohun tí a ń ṣe nílé wa:

1. Ní àárọ̀ kí á tó dìde lórí ibùsùn, àti ní alẹ́ kí a tó sùn, a máa ń gbé ọwọ́ lé ikùn, a ń fi imú mí sínú fún ìkà 4, a ń mí síta fún ìkà 6. Ìṣẹ́jú 5 tó. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró, ẹ máa mí bí ó ti rọrùn fún yín.

2. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ má pa ojú dé o! Ẹ kàn já èjìká sílẹ̀, ẹ tú àgbọ̀n, ẹ dẹ ọwọ́ lórí sítíárì, kí ẹ sì jẹ́ kí mímí síta gùn.

3. Kí ẹ tó wọlé láti ibi iṣẹ́ tàbí ọjà, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹ má gbé ọjà wọ inú ilé.

4. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé wọn níkùn, kí wọ́n máa wo bí ó ti ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Eré ni lójú wọn, ṣùgbọ́n yóò wúlò fún wọn lọ́jọ́ ìdánwò.

5. Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni, tí èémí kò délẹ̀, tàbí tí ìbànújẹ́ kò lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó lọ rí dókítà. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée tàbí àrùn ọkàn, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Mímí kanlẹ̀ kì í ṣe àrọ́pò ìtọ́jú.

Nígbà tí a ń kúrò ní Ìkógòsì ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, a lọ dágbére fún Màmá agbẹ̀bí. A béèrè ohun tí ó máa ń sọ fún àwọn ìyá tí ń rọbí nígbà tí ìrora bá le. Ó ní, "Ohun kan náà tí mo sọ fún yín ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má dá èémí dúró, nítorí kì í ṣe tiwọn nìkan. Ọmọ inú náà ń mu nínú rẹ̀."

Olùkàwé wa ọ̀wọ́n, ta ni ó ń mu nínú èémí tìrẹ? Ṣé ọkọ rẹ ni, tàbí aya rẹ, tàbí àwọn ọmọ tí ń fetí sí ìró ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà? Kí o tó ṣí ojú ewé tí ó kàn, já èjìká rẹ sílẹ̀. Mí kanlẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó fi èémí sínú wa fi àlàáfíà rẹ̀ sínú ilé yín. Àmín.